Ṣé o mọ̀? Dagbani àti ẹ̀rọ amòye gbogbo

AGI, ìyẹn ẹ̀rọ amòye gbogbo, ni orúkọ ẹ̀rọ tí àwọn olùṣèwádìí ń lé: èyí tí yóò lè kọ́ iṣẹ́ ọpọlọ èyíkéyìí tí ènìyàn lè ṣe. Àwọn tó ń lé e pàápàá kò fẹnu kò lórí ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní Sagnarigu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tamale ní àríwá Gánà, Dagbani ni wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ sì ni àwọn ẹ̀rọ èdè òde òní fi ń kọ́gbọ́n jù, ti Dagbani sì pẹ́ kó tó dé orí ayélujára. Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 2001; ti Dagbani, ó di 2021! Síbẹ̀, Ghana NLP, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn èdè Gánà, ti ṣe Khaya, áàpù tó ń túmọ̀ Dagbani (Yorùbá náà wà níbẹ̀).

Lójú tèmi, ẹ̀rọ tí kò bá gbọ́ èdè Sagnarigu kò tíì tó amòye gbogbo.