Awò kékeré ilẹ̀ Íńdíà rí ìmọ́lẹ̀ tí Hubble kò rí

Ní òru tí òṣùpá kò yọ, ará Ìmórù tó bá jókòó síwájú ilé rẹ̀, lágbègbè Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, yóò rí àwọn ìràwọ̀ tí ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Èkó kò lè rí. Kì í ṣe pé ojú bàbá mú ju ti ọmọ lọ. Iná títì, iná mọ́tò àti iná ilé ìtajà ló mú kí ojú ọ̀run Èkó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, débi pé àwọn ìràwọ̀ kéékèèké sọnù sínú rẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wáyé láàárín awò awọ̀nàjíjìn méjì tó wà lókè, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe kéde rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 nínú ìwé Nature Astronomy. Díńgí Hubble, awò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fẹ̀ tó mítà 2.4. Ti UVIT, tó wà lára satẹ́láìtì AstroSat tí ilẹ̀ Íńdíà gbé lọ sókè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kò ju sẹ̀ǹtímítà 37.5 lọ. (AstroSat kò dà bíi NigeriaSat-1 tí Nàìjíríà gbé lọ ní ọdún 2003, tó ya àwòrán ilẹ̀ àti odò nígbà tó fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀run ni tirẹ̀ kọjú sí.) Síbẹ̀, awò kékeré yìí ló rí ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tó wá láti ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tí wọ́n sọ ní AUDFs01. Hubble ti rí ìṣùpọ̀ náà tẹ́lẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ mìíràn o, ultraviolet yìí ni kò rí.

Ultraviolet jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ó wà lára ìtànṣán oòrùn, òun ló sì máa ń jó awọ ara. Afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ rí ti ìràwọ̀ ọ̀nà jíjìn fi gbọ́dọ̀ gbé awò kọjá afẹ́fẹ́.

Bílíọ̀nù ọdún 9.3 ni ìmọ́lẹ̀ AUDFs01 fi rìn. Ayé tí a wà yìí kò tíì sí nígbà tó gbéra. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kò ju ohun tí awò ń kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka hóró àgbàdo. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ń ka hóró ayédèrú mọ́ ọn: òmíràn wá láti inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, òmíràn láti ara eruku tí oòrùn tàn sí lójú ọ̀run.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀? Ẹ jẹ́ ká fi òjò wínníwínní ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìyàwó ilé bá to 100 igbá síta, tí ẹ̀kán òjò tó bọ́ sínú wọn sì jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin bí a bá pín in dọ́gba, kò túmọ̀ sí pé mẹ́rin ló máa wà nínú igbá kọ̀ọ̀kan. Òmíràn á gba ẹyọ kan, òmíràn á gba méje. Bíi 5 nínú wọn lè gba 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ìdí kankan. Ẹni tó bá rí ẹ̀kán 8, tó pariwo pé ẹnì kan bu omi sí igbá òun, ti kánjú jù. Ṣùgbọ́n igbá tó máa gba 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ju bíi 2 lọ nínú 100,000. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Siméon Denis Poisson, ló fi ìṣirò yìí sínú ìwé ní ọdún 1837.

Ohun tí àwọn awòràwọ̀ ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ ka hóró ibi tí kò sí nǹkan kan nínú àwòrán, níbi púpọ̀, títí wọ́n á fi mọ ìṣe òkùnkùn lásán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó ka ibi tí wọ́n fura sí. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ ṣá: ẹni tó bá yẹ ibi mílíọ̀nù kan wò yóò rí bíi 20 tó dé 15 láìsí ìràwọ̀ kankan níbẹ̀. Ti AUDFs01 sàn díẹ̀, torí pé Hubble ti fi ibùdó rẹ̀ hàn tẹ́lẹ̀.

Bí hóró ayédèrú bá tó 100, ó lè fi bíi 10 lọ sókè tàbí sílẹ̀. Bó bá tó 10,000, á fi bíi 100 ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá mú 30 wá yóò hàn kedere lórí ti àkọ́kọ́, àmọ́ yóò rì sínú ìkejì. Ọ̀mọ̀wé Kanak Saha, tó darí iṣẹ́ náà nílé ìwádìí IUCAA nílùú Pune, ṣàlàyé pé ayédèrú inú ẹ̀rọ UVIT kéré gan-an sí ti Hubble.

Wákàtí 28 ó lé díẹ̀ ni awò náà fi wo ibẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2016. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí wọ́n tó gbà pé ìmọ́lẹ̀ náà ti ìṣùpọ̀ yẹn wá lóòótọ́. Sùúrù ńlá nìyẹn, láyé tí oníkálùkù ń sáré kéde.

Ohun tí wọ́n ń wá kò kéré. Láyé ìgbà ìwáṣẹ̀, hydrogen ló kún ojú ọ̀run, tó ń gbé irú ìmọ́lẹ̀ yìí mì. Láàárín bílíọ̀nù ọdún àkọ́kọ́ ni nǹkan fọ́ hydrogen náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ìmọ́lẹ̀ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ló ṣe é. Àmọ́ hydrogen tó wà nínú ìṣùpọ̀ fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Ti AUDFs01 rọ́nà jáde, ẹyọ kan ṣoṣo kò sì tó fi parí ẹjọ́ náà.