Àpò kékeré tí kì í kúrò ní itan wa

Ọ̀rọ̀ ẹrù ìrìn àjò ni a fẹ́ jọ sọ lónìí. Bí a bá fẹ́ gbéra láti Kétu lọ ṣe ìnáwó ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kùtọnu, ọjọ́ méjì mẹ́ta péré ni a máa lò níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ẹrù tí a ń dì: aṣọ márùn-ún, bàtà mẹ́ta, gààrí, iṣu tí a fẹ́ fi ta ẹbí lọ́rẹ. Ohun tí a máa ń gbàgbé, àbí tí a máa ń tì sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ni oògùn àti ìwé ìlera ọmọ.

Mo rántí ìyá kan tó gbé ọmọ wá bá wa. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Inú táásì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. Ìyá rẹ̀ ní oògùn o, ó ti tọ́jú rẹ̀ láti ilé. Ṣùgbọ́n inú báàgì ńlá ló kó o sí, báàgì sì wà lórí mọ́tò, lábẹ́ àpò àgbàdo tí awakọ̀ ti fi okùn dì pinpin. Ojú ń tì í láti ní kí wọ́n dúró tú ẹrù. Kí wọ́n tó dé, ojú ọmọ ti jìn wọnú, kò sì lókun láti sunkún mọ́. A dúpẹ́, ọmọ náà yè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ìyá pé ẹrù méjì ni kí wọ́n máa dì: ọ̀kan fún mọ́tò, ọ̀kan fún itan wọn.

Kí ni ká kó sínú àpò orí itan yìí?

Àkọ́kọ́ ni ìwé ìlera ọmọ, carnet yẹn. Bí ẹ bá lóyún, ẹ mú ìwé oyún yín. Nọ́ọ̀sì tí ẹ máa bá lọ́hùn-ún kò mọ̀ yín rí. Ìwé yẹn ló máa bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ fi ọ̀rá wé e kí omi má bà á jẹ́.

Èkejì ni SRO, oògùn ìgbẹ́ gbuuru tí a ń pò mọ́ omi. Sáṣẹ́ méjì kò wúwo rárá. Ẹ fi ìgò omi tó mọ́ kan àti ṣíbí tì í. Sáṣẹ́ tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, lítà kan ni à ń pò ó mọ́. Ẹ ṣọ́ra o: ìgò omi mìíràn tí wọ́n ń tà lọ́jà, lítà kan àtààbọ̀ ni. Bí omi bá pọ̀ jù, oògùn kò ní lágbára. Bí ó bá kéré jù, iyọ̀ rẹ̀ lè pa ọmọ lára. Ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ẹ má dá ọmú dúró. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Bí ọmọ kò bá lè mu nǹkan mọ́, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ jù ni kí ẹ yà sí.

Ẹ̀kẹta ni oògùn yín, ẹ̀yin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ ka ọjọ́ tí ẹ máa lò, kí ẹ fi ti ọjọ́ mẹ́ta lé e, torí mọ́tò lè bàjẹ́ lọ́nà. Inú páálí rẹ̀ ni kó wà. Oògùn tí a dà pọ̀ sínú àkísà, kò sẹ́ni tó lè mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ kékeré kan àti aṣọ ìpààrọ̀ ọmọ kún un. Ó tán.

Kí ni ká fi sílẹ̀? Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ fi fídà, wàrà alágolo àti fúláàsì sílẹ̀. Ọmú nìkan ti tó o, omi pàápàá kò sí nínú rẹ̀. Ọmú kì í kan lójú ọ̀nà, kò sì béèrè iná. Ẹ fi bàtà kẹta sílẹ̀, kí ẹ fi àpò ẹ̀fọn sí àyè rẹ̀ nínú báàgì ńlá. Ẹ̀fọn Kùtọnu kò mọ̀ pé àlejò ni yín.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ẹ tú gbogbo ẹrù sórí ẹní. Ẹ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé: bí èyí kò bá sí lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí nǹkan kan, ẹ dá a padà sínú àpótí. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ lè kú, orí itan ni àyè rẹ̀.

Ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re o.