Ẹni Tó Kọ Orin Wa Gbà Pé Ọlọ́run Ti Kọ Òun Sílẹ̀

Bí a bá ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí àwọn èèyàn ti ń tò lọ síwájú pẹpẹ, orin kan tó sọ nípa ìsun tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ni mo sábà máa ń tẹ̀ lórí dùùrù. Mo ti bá a pàdé lọ́dọ̀ àwọn Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi, títí kan àwọn Aládùúrà tó ń fi ìlù sí i. Àwọn ìyá àgbà kì í ṣí ìwé wò kí wọ́n tó kọ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé William Cowper, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ọ́, gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́jọ́ sì dé ní 1800, ohun tó gbà gbọ́ ni pé Ọlọ́run ti ta òun nù.

Mo máa ń rántí ọkùnrin yìí bí wọ́n bá bi mí pé ṣé ẹni tó pa ara rẹ̀ lè rí ìgbàlà. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ pa ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ bi mí, ní ìtẹ́ òkú. Ìjọ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ò jẹ́ kí wọ́n gbé òkú wọlé. Ajíhìnrere kan ló gbàdúrà kúkúrú létí sàréè. Wọn ò lu agogo, akọrin kankan ò wọ aṣọ. Ìyá náà di ọwọ́ agbádá mi mú. Ó ní, "Bàbá Dùùrù, ẹ má tàn mí o. Ṣé inú iná lọmọ mi wà báyìí?" Mo ní, "Ìyá, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà." Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé Ọlọ́run tí àwọn èèyàn rẹ̀ ò jẹ́ ká gbé e wọ ilé rẹ̀ yẹn náà ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi lọ sídìí ìwé. Mo fẹ́ mọ ibi tí òfin tí kò jẹ́ kí wọ́n gbé irú òkú bẹ́ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ti wá.

Inú Bíbélì ni mo kọ́kọ́ wò. Sọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, Áhítófẹ́lì wà níbẹ̀, Símírì ọba wà níbẹ̀, Júdásì náà wà níbẹ̀. Bíbélì sọ bí wọ́n ṣe pa ara wọn, kò fi bò, kò sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti sọ pé ikú wọn yẹn gan-an ló ti ilẹ̀kùn ọ̀run mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ líle tí Jésù sọ nípa Júdásì, nítorí pé ó fi Olúwa rẹ̀ hàn ló ṣe sọ ọ́. Ní ti Sọ́ọ̀lù, àwọn ará Jabẹṣi-Gílíádì fi òru rìn lọ gbé òkú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n sin ín, wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ 7. Nígbà tí Dáfídì gbọ́, ńṣe ló súre fún wọn.

Ta ló wá sọ ọ́ di òfin? Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ní ilẹ̀ tó di Àlgéríà lónìí, lọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù. Ní 410 àwọn jagunjagun Goth kó ìlú Róòmù, wọ́n sì fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀. Àwọn kan nínú wọn pa ara wọn nítorí ìtìjú, àwọn abọ̀rìṣà sì ń fi àwọn Kristẹni tó ṣẹ́ kù láàyè ṣe yẹ̀yẹ́. Augustine kọ̀wé gbèjà àwọn tó wà láàyè: wọn kò dẹ́ṣẹ̀, kò sí àbùkù lára wọn, kò sídìí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kú; òfin "ìwọ kò gbọdọ̀ pànìyàn" kan ẹ̀mí tiwọn náà. Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, fún obìnrin tí wọ́n dà láàmú. Àwọn tó dé lẹ́yìn ló sọ ọ́ di pàṣán fún òkú. Ní 561, ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Braga, ní Pọ́túgà òde òní, ní kí wọ́n má kọ sáàmù tẹ̀ lé irú òkú bẹ́ẹ̀. Ìwé Àdúrà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ti 1662 kọ ọ́ sókè ìsìn ìsìnkú pé ìsìn náà kò wà fún ẹni tí kò ṣèrìbọmi, ẹni tí ìjọ yọ lẹ́gbẹ́, àti ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ìkóríta ni wọ́n máa ń sin àwọn yẹn sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1823. Nígbà tí òfin wá gbà kí wọ́n sin wọ́n sí ọgbà ìsìnkú, òru ni, kò sì sí àdúrà. Ó di 1882 kí èyí tó yí padà.

Ìwé Àdúrà yẹn ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, tú sí èdè wa. Kì í ṣe pé mo fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó o. Àwa náà là ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, ní ọ̀pọ̀ ìlú wa sì rèé, ètùtù ni ẹbí irú òkú bẹ́ẹ̀ máa kọ́kọ́ ṣe kí wọ́n tó lè sunkún ẹni wọn.

Àwọn ìjọ ńlá ti ń yí ohùn padà. Òfin ìjọ Kátólíìkì ti 1917 kò gba ìsìnkú ìjọ fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa ara rẹ̀. Nínú ti 1983, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Katikísìmù wọn ti 1992 ṣì pe ìwà náà ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ó ní àìsàn ọpọlọ, ìrora tàbí ìbẹ̀rù ńlá lè dín ẹ̀bi ẹni náà kù, ó sì ní kí a má ṣe sọ ìrètí nù lórí ìgbàlà rẹ̀. Martin Luther, aṣáájú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, ti sọ ohun tó jọ ọ́ tipẹ́. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ dà bí arìnrìn-àjò tí ọlọ́ṣà pa nínú igbó: èṣù ló borí rẹ̀. Àmọ́ kò fẹ́ kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn èrò ìjọ, kí èṣù má baà rí àyè pa púpọ̀ sí i.

Ìbẹ̀rù yẹn náà ni ti ọ̀pọ̀ pásítọ̀ wa. Wọ́n ní bí a bá dẹ ọ̀rọ̀ náà, a ó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ti ń rò ó. Wọ́n tún ní ẹni tó pa ara rẹ̀ kò ráyè ronú pìwà dà. Èyí kejì ò tà létí mi: àwọn tó bá ojú oorun lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti bá aya wọn jà lálẹ́ ńkọ́, ṣé wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn tán kí wọ́n tó sùn? Ti àkọ́kọ́ ni n kò fojú kéré, torí mo mọ ẹni tí ìbẹ̀rù ọ̀run àpáàdì dá dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Cowper. Ọmọ àlùfáà ni, ìyá rẹ̀ kú kó tó pé ọmọ ọdún 6. Ní 1763, wọ́n ní kó wá ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì. Ìpayà ìdánwò yẹn ló da orí rẹ̀ rú. Ilé ìtọ́jú Dókítà Nathaniel Cotton ní St Albans ló ti gbádùn, ibẹ̀ náà ló ti rí Kristi. Ó di 1773, àìsàn náà tún dé. Ó lá àlá pé Ọlọ́run ti kọ òun, láti ìgbà yẹn kò sì bá wọn jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìbẹ̀rù ọ̀run àpáàdì pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, kò sì wò ó sàn. John Newton, ọ̀gákọ̀ ẹrú tó di àlùfáà, gbà á sílé fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Opó kan, Mary Unwin, ń tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Wọ́n fún un ní ehoro sìn, ó ń ro ọgbà, ó ń kan àgò. Báyìí ló ṣe lo ọdún 27 sí i. Láàárín ìgbà yẹn ló kọ ewì tó bá òwò ẹrú jà, òwò tó kó àwọn baba wa lọ.

Èlíjà náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun ní aginjù, áńgẹ́lì kò wàásù fún un. Àkàrà àti omi ló gbé wá, ó jẹ́ kó sùn, ó tún jí i pé kó jẹun.

Òfin tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀ fún gúúsù Nàìjíríà ní ẹ̀wọ̀n ọdún 1 ló yẹ ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti wá sọ pé kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ní tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí ìjọ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ìsoríkọ́ ń bá ẹnì kan jà, ẹ bi í lójúkojú bóyá ó ń rò ó láti kú. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ó lè tú u lára. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá ní Èkó, tàbí èyí tó wà ní Arò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹbí aláìsàn láyè láti wà nítòsí ẹni wọn ní ọdún 1954. Àdúrà kò ní kí wọ́n má lo oògùn. Bí owó oògùn bá sì jẹ́ ìṣòro, àpótí àánú ìjọ wà níbẹ̀, kí àwọn wádìn ṣí i.