Èpò Omi Nínú Àpótí Ẹja Òkun: Oúnjẹ Rẹ̀ àti Ọ̀nà Tí a Lè Gbà Kápá Rẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, èpò omi ni a ń pe ohun tútù tí ó máa ń hù bo òkúta àti gíláàsì inú omi, tí ó sì ń yọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Algae ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Kí olùkọ́ má ṣe pè é ní ojúoró tàbí òṣíbàtà níwájú akẹ́kọ̀ọ́: àwọn yẹn ní gbòǹgbò àti òdòdó, omi aláìníyọ̀ sì ni ibùgbé wọn. Algae kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nínú àpótí gíláàsì tí a fi ń sin ẹja òkun nínú ilé, ó lè bo iyùn tí ó wà láàyè mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi kú. Oògùn ni ọ̀pọ̀ olùsìn ẹja kọ́kọ́ máa ń sáré rà. Lójú tiwa, oúnjẹ èpò náà ni ó yẹ kí á dojú kọ.

Níbo ni oúnjẹ yìí ti ń wá? Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù a máa jẹrà, wọn a sì di amóníà, èyí tí ó lè pa ẹja. Àwọn bakitéríà inú òkúta àti iyanrìn a sọ amóníà di nítíráìtì, lẹ́yìn náà wọn a sọ ọ́ di nítíréètì. Nítíréètì kì í tètè pa ẹja, ṣùgbọ́n ajílẹ̀ pàtàkì ni fún èpò. Fọ́síféètì náà ń bá oúnjẹ ẹja wọlé. Òkun fẹ̀, ó lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Àpótí onílítà 200 kò lè gbà á.

Omi tí a fi ń po iyọ̀ pàápàá lè jẹ́ orísun ajílẹ̀, nítorí omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga lè ní nítíréètì, fọ́síféètì àti sílíkéètì. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń lo omi tí ó ti gba inú asẹ́ reverse osmosis kọjá, kí wọ́n tó po iyọ̀ sí i, nǹkan bí gíráàmù 35 nínú lítà kan. Bí omi àpótí bá ń fà, omi aláìníyọ̀ ni a ń fi dí i, nítorí iyọ̀ kì í bá omi gbẹ.

Èyí tí ó dà bí eruku aláwọ̀ ilẹ̀ nínú àpótí tuntun ni diatom. Bí sílíkéètì bá tán, òun náà a lọ. Èyí tí ó pupa, tí ó tẹ́ bí aṣọ lórí iyanrìn, kì í tilẹ̀ ṣe algae, bakitéríà ni. Ẹni tí ó bá da oògùn sí i lè pa àwọn bakitéríà rere mọ́ ọn. Èyí tí ó gùn bí irun, tí ó sì tutù yọ̀yọ̀, ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ọwọ́ ni kí á fi tu ú, kí á sì kó o jáde kúrò nínú omi, torí bí ó bá kú síbẹ̀, ajílẹ̀ rẹ̀ padà sínú omi nìyẹn. Kí iná àpótí má ju wákàtí 8 sí 10 lọ lójúmọ́.

Àwọn ajewé náà ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1983, àrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pa Diadema antillarum, ẹ̀dá ẹlẹ́gùn-ún dúdú tí ń jẹ èpò omi ní òkun Kàríbéánì. Ní Jàmáíkà, níbi tí ìpẹja àpajù àti ìjì líle ọdún 1980 ti ba nǹkan jẹ́ tẹ́lẹ̀, iyùn tí ó bo ju ìdajì ilẹ̀ òkun tí a wọ̀n dín sí ohun tí kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èpò gba ibẹ̀. Nínú àpótí, ìgbín òkun àti ẹja Zebrasoma ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ náà, àmọ́ ìgbẹ́ wọn tún ń dá díẹ̀ nínú ajílẹ̀ náà padà.

Ọgbọ́n tí Walter Adey ti Smithsonian ní Amẹ́ríkà dá ni ó wù wá jù: ó jẹ́ kí èpò hù sórí àwọ̀n lábẹ́ iná, lẹ́yìn òde àpótí gan-an, a sì ń há a dànù lóòrèkóòrè. Èpò náà ni ó wá di asẹ́ omi. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe fa ajílẹ̀ tán pátápátá. Iyùn náà nílò díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí méjèèjì bá di òfo ni dinoflagellate sábà máa ń gba àpótí, àwọn kan nínú rẹ̀ sì ní májèlé tí ń pa ìgbín. Nítíréètì mílígíráàmù 2 sí 10 nínú lítà kan, àti fọ́síféètì tí kò ju 0.1 lọ, ni ọ̀pọ̀ olùsìn iyùn fara mọ́.