Ìrìn Ẹ̀fọn

Nígbà òjò ní Igana, omi máa ń dúró nínú kòtò ẹ̀yìnkùlé àti ní ojú ipa táyà. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri máa ń yé sí. Bàbá kan lè sọ pé: "Kí ni èrè kí n dí kòtò mi? Ọ̀nà jíjìn ni ẹ̀fọn ti ń wá."

Ronald Ross, oníṣègùn tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà ní 1897, ro ọ̀rọ̀ yìí. Ó bi Karl Pearson, onímọ̀ ìṣirò. Pearson sì gbé irú ìbéèrè náà jáde ní 1905.

Ẹ dán an wò. Kí ọmọ kan dúró sí àárín àgbàlá. Kí ẹnì kejì máa ju owó onírin sókè. Bí nọ́ńbà bá hàn, ìgbésẹ̀ kan sí ọ̀tún; bí kò bá hàn, ìgbésẹ̀ kan sí òsì. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 100, ọmọ náà kì í sábà jìnnà ju ìgbésẹ̀ 10 lọ sí ibi tó ti gbéra, nítorí òsì ń dá a padà láti ọ̀tún. (Nígbà mìíràn ó lè jìnnà, kì í ṣe àṣìṣe.) Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kán aró ṣe ń rọra tàn nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ̀fọn pàápàá ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí afẹ́fẹ́ kò bá gbé e, kì í tètè jìnnà sí omi tó ti jáde. Kòtò ẹ̀yìn yàrá bàbá yẹn ni kí ó kọ́kọ́ dí.