Ìwé Àwìn Nínú Fóònù: Ṣé Excel Ni Àbí Jótà?

 

Ní ìgbà òjò tó kọjá, àgbàrá ya wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wa tó ń ta aṣọ. Àwọn aṣọ tó rin, ó sá wọn, wọ́n gbẹ. Ìwé àwìn rẹ̀ ni kò ṣeé sá. Gbogbo yíǹkì ti ṣàn pọ̀, orúkọ ò ṣeé kà, iye owó ò ṣeé kà. Àwọn oníbàárà tó bẹ̀rù Ọlọ́run wá fúnra wọn, wọ́n ní iye báyìí làwọn jẹ. Àwọn kan ní àwọn ti san tán. Kí ló fẹ́ fi bá wọn jà? Bí owó ọjà ṣe lọ nìyẹn.

Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ ìwé inú fóònù ò kúrò lẹ́nu wa nípàdé. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ní Excel ni ká máa lò. Àwọn mìíràn ní wàhálà nìyẹn, pé áàpù tí èèyàn fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ bíi jótà ti tó. Àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn yìí wá jókòó, a dán méjèèjì wò. Ohun tí a rí rè é.

JÓTÀ INÚ FÓÒNÙ

Google Keep, tó jáde lọ́dún 2013, dà bí jótà kékeré tí a ń kì sápò. Bí oníbàárà bá dúró síwájú yín, ẹ ṣí i, ẹ kọ ọ́: “Màmá Ìbejì, ìrẹsì àpò kan, ó ku 55,000.” Ó parí. Ẹni tí kò lè kọ̀wé lè sọ̀rọ̀ sí i, yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lè ya fọ́tò ríṣíìtì síbẹ̀. Bí dátà bá tán, ẹ ṣì lè kọ̀wé síbẹ̀. Ìgbà tí dátà bá dé ni yóò fi pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àléébù rẹ̀ ni pé kì í bá èèyàn ṣírò. Bí Màmá Ìbejì bá san 20,000, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó yọ ọ́ kúrò. Bí ogójì èèyàn bá jẹ yín lówó, ẹ̀yin náà lẹ ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: ọ̀fẹ́ òní lè má jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́la. Evernote jẹ́ irú jótà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n dín tàwọn tí kò sanwó kù sí àkọsílẹ̀ 50 péré.

EXCEL ŃKỌ́?

Lọ́dún 1979 ni Dan Bricklin àti Bob Frankston ní Amẹ́ríkà gbé VisiCalc jáde, ìwé onílà inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò fúnra rẹ̀. Excel tẹ̀ lé e lọ́dún 1985. Google Sheets náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìwé náà kún fún ilé kéékèèké. Ẹ fi A ṣe ọjọ́, B orúkọ, C ọjà, D iye ọjà, E iye tó san, F iye tó kù. Nínú ilé F2, ẹ kọ =D2-E2. Bí ọjà bá jẹ́ 85000, tó san 30000, yóò gbé 55000 jáde fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá tún mú 20000 wá, ẹ sọ 30000 di 50000, kíá, 35000 ló kù. Bí ẹ bá sì kọ =SUM(F2:F41) sísàlẹ̀, ẹ ó mọ iye owó yín tó wà níta lápapọ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o! Ẹ má kọ “85k” tàbí “ẹgbẹ̀rún”. Ọ̀rọ̀ lásán ni Excel yóò kà á sí, kò sì ní lè fi í ṣírò. Nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Àwọn ilé náà kéré lójú fóònù pẹ̀lú, ó sì ṣòro láti tẹ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀ nídìí ọjà.

ÈWO NI KÁ MÚ?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tí àwọn tó jẹ ẹ́ lówó kò ju márùn-ún sí mẹ́wàá lọ, jótà ti tó o. Ẹni tó ń tajà àwìn káàkiri, Excel tàbí Sheets ni kó mú. Àwa fúnra wa ń lo méjèèjì: jótà lọ́sàn-án nígbà tí ọwọ́ dí, a ó wá kó o sínú Excel lálẹ́ nígbà tí ara bá silẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ju ká yan èyí tàbí ìyẹn lọ. Ọ̀kan nínú wa ní kí ọmọ iṣẹ́ òun bá òun ṣí i. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi ṣí i, òun nìkan ló mọ páásìwọ́ọ̀dù. Ọmọ gba fírídọ̀ọ̀mù, ó lọ. Nígbà tí wọ́n jí fóònù ìyá yìí, ọmọ náà ò rántí páásìwọ́ọ̀dù mọ́. Kò jalè, kò ṣèké, síbẹ̀ ìwé àwìn ti wọmi. Ká ní orúkọ ìyá ni, tó sì mọ páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀, ì bá kàn ra fóònù mìíràn, kó wọlé, kó bá ìwé rẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi orúkọ ara yín ṣí i. Ẹ kọ páásìwọ́ọ̀dù sínú ìwé, ẹ fi pamọ́ sílé, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ti fóònù yín pa, nítorí gbèsè oníbàárà kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé ń kà. Ẹ má sì tíì ju ìwé àtijọ́ nù: kí oníbàárà fọwọ́ sí i, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bó bá di àríyànjiyàn, ọwọ́ tó fi sí i yóò jẹ́rìí.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú wa, kó kọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ mú fóònù àti ìwé àwìn yín wá sípàdé. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ajé á bá wa gbé o.