Ẹ Má Ta Irúgbìn Yín Jẹ
Ní agbègbè Imeri àti Ọ̀wọ̀, nínú oṣù kọkànlá ni òjò àrọ̀kúrò máa ń dáwọ́ dúró. Ọyẹ́ ni yóò tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹ má ká gbogbo ilá lọ sọ́jà. Ẹ fi èso igi tó dára jù sílẹ̀ kí ó gbó, kí ó sì gbẹ. Ẹ po irúgbìn rẹ̀ mọ́ eérú gbígbẹ nítorí kòkòrò, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ dé e pinpin.

Kí ilẹ̀ tó le, ẹ kọ ebè tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí àkùrọ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn kí omi má baà tètè gbẹ.

Ẹni tó bá ta irúgbìn rẹ̀ jẹ, ojú aládùúgbò ni yóò máa wò nígbà tí òjò bá padà.